Pípò àti Sísẹ́: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀rọ Kọfí Onífe-Kan àti Bí A Ṣe Lè Yàn Án fún Ilé

Láti ìgbà tí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ti di iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ń fi tọkàntọkàn ṣe, inú kíláàsì ni ojú wa sábà máa ń wà. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé fún Iṣẹ́-Àkànṣe Ọlọ́dún-Mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nítorí pé àwọn ọmọdé ti jókòó, wọ́n ń dúró de ẹ̀kọ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, wá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ẹni tí ó lè fojú kéré iṣẹ́ ribiribi wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná pẹ̀lú ń kún fún ẹ̀rọ lójoojúmọ́, àwọn tí ó ń rà wọ́n kò sì ní ìwé kankan tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ó ń ṣe kọfí ife kan lẹ́ẹ̀kan. A fẹ́ bèèrè ohun tí à bá máa pè é, a sì fẹ́ fi hàn pé ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ fún ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe lè fi owó gidi ra ohun tí kò ní wúlò fún un.

Tíì ni gbogbo rẹ̀

Àdúgbò tí a ti kíyè sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò ni Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Súrùlérè, ní ìlú Èkó. Orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ yẹ kí ó dùn mọ́ onímọ̀ ìperí nínú, nítorí pé odidi gbólóhùn ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ: ó sọ ẹni tí ó ṣe é, ó sì sọ ohun tí ó ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òkè-Ọya tí wọ́n ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín yóò ti gbé kẹ́tù ka iná. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ tíì, ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e ni pé tíì wo ni: Lipton ni, àbí Milo, àbí Bournvita, àbí Nescafé? Èyí fi hàn pé lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, tíì kì í ṣe orúkọ ewé kan pàtó. Ó ti di ọ̀rọ̀ tí ó kó gbogbo ohun mímu gbígbóná sábẹ́, kọfí sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa yẹ fún àkíyèsí díẹ̀. Láti inú èdè Lárúbáwá ni Hausa ti yá shayi àti gahawa. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwa ti yá tíì àti kọfí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó bí gahawa náà ni àwọn ará Tọ́kì gbà, tí àwọn ará Họ́láńdì gbà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà kí ó tó dé etí wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni oníbàárà àti ọlọ́jà ń pè lórí bẹ́ǹṣì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, wọn kò sì mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. A kì í se tíì ní Èkó, a kì í sì í rẹ ẹ́. A máa ń pò ó ni: 'Bá mi po tíì.' Ìdí rẹ̀ hàn gbangba. Mílíìkì, ṣúgà, Milo, Bournvita àti Nescafé, gbogbo wọn ni ó jẹ́ ohun tí ń yọ́ sínú omi gbígbóná. Ní ti Nescafé, tí Nestlé gbé jáde ní Switzerland ní 1938, inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi omi yọ adùn kọfí kúrò lára rẹ̀ tán, tí wọ́n sì ti sọ omi náà di lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ. Ohun tí ó kù fún wa nílé kò ju kí a fi omi pò ó lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe pò bá ohun tí à ń ṣe mu rẹ́gí, a kò sì ní ìdí láti tako ẹni tí ó ń lò ó.

Èèrí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ kọfí kì í po nǹkan kan. Kóró kọfí tí a yan, tí a sì lọ̀, ni ó ń gbà. Yóò da omi gbígbóná sí i, omi náà yóò gba àwọ̀, òórùn àti kafíìnì kúrò lára rẹ̀, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìyókù yìí ni àmì tí ó dájú jù. Kọfí tí a pò kò ní ohun tí a ń dà nù. Kọfí tí a ṣe nínú ẹ̀rọ ní. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe ògì ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyókù bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: èèrí ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sì ń bá a rìn ni sẹ́. Nítorí náà a dábàá kọfí pípò fún ti inú agolo, kọfí sísẹ́ fún ti kóró lílọ̀, àti èèrí kọfí fún ohun tí ó ṣẹ́kù nínú asẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé ògì kò pé, òótọ́ sì ni. Nínú ògì, ohun tí a ń fẹ́ máa ń bá omi kọjá, a sì máa silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a ó sì da omi orí rẹ̀ nù tàbí kí a fi í ṣe nǹkan mìíràn. Nínú kọfí, omi náà gan-an ni a ń fẹ́. Iṣẹ́ àwọn aláró ni ó sún mọ́ ọn jù. Àwọn aláró a máa gbé ìkòkò tí ó ní ihò nídìí lé orí ìkòkò mìíràn. Wọ́n a kó eérú sínú ti òkè, wọ́n a da omi lé e, omi náà yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára eérú nínú rẹ̀. Ohun tí Melitta Bentz ṣe ní Jámánì ní 1908 nìyí, nígbà tí ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí agolo idẹ, tí ó tẹ́ bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa yíǹkì gbẹ ní ilé-ìwé sínú rẹ̀, tí ó da kọfí lé e, tí ó sì da omi gbígbóná lé kọfí. Ìyá aláró kan láti Abẹ́òkúta ì bá mọ iṣẹ́ náà lójú kan, kì í ṣe èèrí nìkan ni ì bá mọ̀.

A mọ̀ pé sẹ́ mìíràn wà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ní òun kò mọ nǹkan tàbí pé òun kò ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kọfí tí a sẹ́ ni Pétérù mu. Ṣùgbọ́n asẹ́ ti wà nínú ilé ìdáná kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, kò sì sí ẹni tí ó ń rò pé ohun èlò ìparọ́ ni.

Láti inú sẹ́ ni a ti rí orúkọ ẹ̀rọ náà: ẹ̀rọ ìsẹ́kọfí. Ní ti ife kan, a tẹ̀lé ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ ìṣirò gbà rí onígun-mẹ́ta, a sì rí onífe-kan. Ẹ̀rọ ìsẹ́kọfí onífe-kan gùn díẹ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Ó dá wa lójú pé nínú ilé, ìsẹ́kọfí nìkan ni yóò kù, bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú ìròyìn rédíò, tí ẹ́sì sì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀rọ ìpokọfí. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yẹn yóò ra ẹ̀rọ, yóò sì da Nescafé sínú rẹ̀.

Ìbéèrè láti Houston

Ìyá kan wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fẹ́ràn kọfí lówùúrọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí i, ó sì bi í lórí tẹlifóònù pé, 'Màámi, irú èwo ni kí n rà?' Ìyá dáhùn pé, 'Èyí tí mo lè fi po ife kan ni kí o rà, ọmọ mi; èmi nìkan ni mo ń mu ún nínú ilé.' Ọmọ gbọ́ ife kan, ọkàn rẹ̀ sì lọ tààrà sí ẹ̀rọ oníkápúsù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń lọ bí a bá dárúkọ ife kan. Ìyá ń ro agolo Nescafé tí ó wà lórí pẹpẹ. Wọ́n gbọ́ ara wọn yé ní ti iye ife, ṣùgbọ́n ní ti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí kọfí nínú ẹ̀rọ náà, kálukú ń sọ tirẹ̀ ni. Owó kò tíì jáde nígbà tí ìyá mú ọ̀rọ̀ náà tọ̀ wá wá.

A kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iná, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Àwọn mìíràn rò pé bí fóltì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ooru ẹ̀rọ náà yóò di ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tí ń gbóná, bí fóltì bá di ìlọ́po méjì, agbára yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rọ wáàtì 1,500 tí a ṣe fún Houston, bí a bá kì í bọ iná Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, yóò fẹ́ fa nǹkan bí wáàtì 5,500, yóò sì jóná kí ìyá tó gbé ife sábẹ́ rẹ̀. Ì bá jẹ́ pé London ni ọmọ náà ń gbé, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀, nítorí pé fóltì ibẹ̀ àti tiwa dọ́gba, orí wáyà onírin mẹ́ta wọn sì bá ojú iná wa mu. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Alábà yí ìdí ẹ̀rọ náà wò, kí ó ka iye fóltì tí a kọ sí i kí ó tó dá owó.

Owó iná ife kan kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Ìpele A, tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, sókè sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ní iye ìgbà náà, ẹ̀rọ wáàtì 1,400 tí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì jẹ iná bí náírà 11. Ibi tí ọ̀ràn wà ni agbára tí ó ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wà láàrin wáàtì 1,200 sí 1,500. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Èkó mọ̀ sí I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 650 lọ. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ tí kò bá sí iná, kò sí kọfí.

Kápúsù

Ó wá ku ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Eric Favre, onímọ̀-ẹ̀rọ ní Nestlé, ni ó ṣe ẹ̀rọ oníkápúsù tí a wá mọ̀ sí Nespresso. 1976 ni wọ́n béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, 1986 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ní Amẹ́ríkà, John Sylvan àti Peter Dragone dá Keurig sílẹ̀ ní 1992. Ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ náà fún ní 1998, kí ó tó wọ ilé ní 2004. Kọfí ìwọ̀n ẹnì kan ni wọ́n ń dì sínú ike tàbí álúmíníọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ yóò lu ihò sí i, yóò sì ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá. Ó yá, ó mọ́ tónítóní, ọwọ́ kì í kan èèrí.

Orúkọ tí a kọ́kọ́ rò fún ohun tí wọ́n ń dì náà ni ìdì, nítorí pé ẹ̀kọ inú ewé ni ó jọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oní- ṣáájú ìdì, onídì ni yóò dà, ẹni tí kò bá sì fi àmì ohùn sí i lè kà á sí onídìí. A kò fẹ́ kí ẹ̀rọ olówó ńlá di ohun ẹ̀rín ní ọjà Tẹ́júoṣó. A padà sọ́dọ̀ kápúsù, ọ̀rọ̀-àyálò tí àwọn aláìsàn ti ń lò fún oògùn tí a di lẹ́búlẹ́bú sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ń gba kápúsù nìkan ni oníkápúsù. Èyí tí ó ní asẹ́ tirẹ̀, tí ènìyàn lè da kọfí lílọ̀ tí ó bá wù ú sí, ni alásẹ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a dábàá nínú àpilẹ̀kọ yìí, àwọn méjì wọ̀nyí ni a rò pé wọn yóò wúlò jù fún ẹni tí ó dúró níwájú ọlọ́jà.

Ẹ̀rọ oníkápúsù kò lè jẹ ohun mìíràn. Nígbà tí ẹ̀tọ́ Keurig lórí kápúsù rẹ̀ parí ní 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀. Ní 2014, Keurig gbé ẹ̀rọ tuntun jáde tí ó ń yẹ kápúsù wò, tí ó sì ń kọ èyí tí kò bá gba àṣẹ. Inú bí àwọn oníbàárà gan-an. Sylvan fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn ní 2015 pé nígbà mìíràn òun a máa kábàámọ̀ pé òun ṣe é, nítorí ike tí ó ń dà sílẹ̀. Ní 2016, ìlú Hamburg ní Jámánì ní kí wọ́n má ṣe fi owó ìjọba ra kápúsù mọ́. Ní ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, a kò tíì dé orí pàǹtí ike. Ìbéèrè tiwa ni pé ta ni yóò máa ra kápúsù láti Houston wá lóṣooṣù? Bí ọmọ bá dákẹ́ oṣù méjì, ẹ̀rọ náà yóò di ohun ọ̀ṣọ́ inú yàrá.

Rírẹ, títẹ̀ àti títì

Àwọn ohun èlò mìíràn wà tí kò béèrè iná rárá, ọ̀rọ̀-ìṣe wa sì ti ń dúró dè wọ́n. Àwọn eléwé-ọmọ kì í da àgbo tí a sè àti àgbo tí a rẹ pọ̀. Ó yẹ kí a kọ́ ìṣọ́ra náà lọ́dọ̀ wọn. Ife gíláàsì tí a ń rẹ kọfí sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí a tó tẹ asẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ni ìrẹkọfí. Ọ̀pá ike tí Alan Adler ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó dé ọjà ní 2005, tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ dókítà, ni ìtẹkọfí. Ìkòkò kékeré tí Alfonso Bialetti gbé jáde ní Itálì ní 1933, tí a ń gbé ka orí gáàsì, tí ooru sì ń ti omi láti ìsàlẹ̀ gba inú kọfí gòkè, a dábàá atomigòkè fún un. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé èyí tí ó kúrú wá.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó le ni ti agbára tí a fi ń ti omi. Ní ilé-ìwòsàn, ìfúnpá ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí a ṣe lè já a lọ, a kò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹni tí ó ń mu kọfí. Ìtẹ̀ ni a yàn. Ìtẹ̀ inú atomigòkè kò ju nǹkan bí báà 1.5 lọ, kọfí kíkan tí àwọn ará Itálì ń mu ní ife kékeré ń béèrè báà 9. Páálí ẹ̀rọ a máa pariwo báà 15 tàbí 19, ṣùgbọ́n ibi tí agbára fáàmù rẹ̀ lè dé ni wọ́n ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ohun tí a wí fún ìyá kò gba àkókò. Ó ní kẹ́tù. Ohun tí ó kù fún un ni asẹ́ kọfí, èyíinì ni ife tanganran tí ó ní ihò nídìí, tí a ń gbé ka orí ife tí a fẹ́ mu, pẹ̀lú bébà tàbí aṣọ tí ó ṣeé fọ̀. Kí ó fi kọfí lílọ̀ gíráàmù 15 sí i, kí ó jẹ́ kí omi tí ó hó sinmi díẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè wà láàrin 90 àti 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì máa da mìlílítà 250 lé e díẹ̀díẹ̀. Bí ìyá bá sì fẹ́ràn Nescafé rẹ̀ bí ó ti wà, kò nílò ohunkóhun: pípò ni tirẹ̀, ṣíbí sì tó o. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dí láàárọ̀, lè ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ alásẹ́, kí ó sì jẹ́ fóltì 230.

Inú ọmọ kò kọ́kọ́ dùn. Ó ní asẹ́ kéré jù fún ẹ̀bùn. Níkẹyìn ó fi asẹ́ tanganran kan àti ọlọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí ránṣẹ́, ìyá sì ń ra kóró kọfí fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù

Kóró náà ni ó mú wa dé ibi tí ìmọ̀ wa kò tó. Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni kọfí ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, ní kọfí lára iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú obì, kaṣú àti tíì. Arabica ń hù lórí òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Ṣùgbọ́n robusta, tí kafíìnì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, ni ó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, àwọn ará Kabba ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, sì ti ń gbìn ín láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. A ti lo yíyan fún ohun tí a ń ṣe sí kóró kọfí nínú agbada, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe sí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n a kò ní ọ̀rọ̀ fún èyí tí a yan díẹ̀ àti èyí tí a yan títí ó fi dúdú. A kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún awọ tín-ín-rín tí ń bó lára rẹ̀, tàbí fún èso rẹ̀ nígbà tí ó bá pọ́n lórí igi. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbẹ̀ tí ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀kun ti ní gbogbo rẹ̀. Kí àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n ń kọ́ni ní Kabba àti Ìjùmú bá wa bèèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú àmì ohùn.